Èémí Ènìyàn Mẹ́tàlélógún

Ọdún méje gbáko ni a fi gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ ilé ìwòsàn ńlá. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ bí a ṣe gbà á, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ bí ó ti nira tó kò ní mọ ìdí tí mo fi dì í mú gírígírí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni ilé ìwòsàn náà ní tí ó lè ya àwòrán inú àyà ènìyàn dáadáa, tí ó lè fi ohun tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Gbogbo wọ́ọ̀dù ni ó ń du ẹ̀rọ náà. Àwọn tí ọkọ̀ gbá ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbé wọlé, lẹ́yìn náà àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún. Àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó máa ń kẹ́yìn, nítorí pé ikọ́ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe wọ́n, kò sì sí ẹni tí ikọ́ ń bà lẹ́rù. Ikọ́ ni wọ́n pè é fún ọkọ mi olóògbé fún oṣù mọ́kànlá. Wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọ́n fún un ní oògùn ọ̀fìnkìn, wọ́n sì ní kí ó jáwọ́ nínú sìgá tí kò fẹnu kàn rí láyé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa fi gbé e dé inú ẹ̀rọ náà, dókítà tí ó wà níbẹ̀ wo ojú ẹ̀rọ tí àwòrán ti ń hàn. Ó kàn rọra yí ojú ẹ̀rọ kúrò níbi tí mo ti lè rí i ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí, mo di opó.

Mo ti ṣe akọ̀wé àgbà ní yunifásítì fún ọdún mọ́kànlélógún kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú lẹ́tà tí ènìyàn kò lè kà tán kí ó sọ ọ́ nù. Èmi àti opó mẹ́rin mìíràn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, a sọ ọ́ ní Ẹgbẹ́ Alátìlẹ́yìn Ẹ̀dọ̀fóró, a sì gba yàrá mẹ́ta ní àjà kejì ilé kan tí àwọn atẹ̀wé ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. A ń tọ àwọn aláìsàn lọ sílé. A ń bá wọn wá oògùn, a ń bá wọn jókòó de dókítà, a sì ń kọ́ ará ilé wọn bí a ti í to irọ̀rí méjì sẹ́yìn ẹni tí kò lè mí dáadáa, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òró, kí àyà lè ṣí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń lé ní tèmi ni ẹ̀rọ náà, àti ìwádìí tí yóò jẹ́ kí wọ́n dẹ́kun pípe jẹjẹrẹ ní ikọ́. Lẹ́tà mẹ́rìnléláàádọ́rin ni mo kọ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn títí àwọn agbálẹ̀ fi ń gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká bí ẹni pé mo wà lára bẹ́ǹṣì náà.

Ní ọdún keje, wọ́n pè wá síwájú ìgbìmọ̀. Wọ́n gbà pé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀rọ náà yóò jẹ́ tiwa láti àárọ̀ di ọ̀sán, fún ènìyàn mẹ́fà. Àwa náà yóò máa fún dókítà àyà ní àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìwádìí rẹ̀. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ náà, tí kò gbójú sókè láti ìgbà tí a ti wọlé, wá béèrè pé kí ni yóò mú un dá wọn lójú pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní di ọjọ́ àwọn ìyekan wa. Inú bí mi. Mo yọ kálàmù mi, mo sì kọ ìlà kẹsàn-án sí ìsàlẹ̀ ìwé àdéhùn náà lójú wọn: ẹnikẹ́ni tí ó bá tan mọ́ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ yìí, ìbáà jẹ́ nípa ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ nípa ìgbéyàwó, kò gbọdọ̀ gba àyè lórí ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọkùnrin náà gbójú sókè. Títí di òní, mi ò tíì kọ gbólóhùn kan tí mo fi yangàn tó ìyẹn.

Ẹni tí ó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà ni àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo. Òun ni ó tẹ ìwé náà nígbà tí a padà sí ọ́fíìsì. Ó tẹ̀ ẹ́ dé ìlà kẹsàn-án, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó mi, o ti ti ilẹ̀kùn mọ́ wa síta, o sì ti ju kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí kànga."

Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo fi ọdún mẹ́fà ju obìnrin yìí lọ, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé wọn ni mí, nítorí náà òun ni ó ń sọ "o" sí mi, èmi ni mo ń sọ "ẹ" sí i, mo sì ń pè é ní ọkọ mi láìfi ìwé ẹ̀rí mi gbogbo pè. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìfìwéránṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń so fóònù ẹnì kan pọ̀ mọ́ tẹlòmíràn, láyé ìgbà tí ènìyàn ṣì ń jókòó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ dùn, ó sì tutù. "Ẹ dúró ná" ni gbogbo ènìyàn máa ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó so wọ́n pọ̀, orúkọ tí wọ́n sì sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ-Dúró-Ná. Àwọn aláìsàn wa kò mọ orúkọ mìíràn fún un.

Òun ni ó ń ṣe kíka ọjọ́ Ajé. Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò pe àwọn aláìsàn wa lórí fóònù níkọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógún. Aláìsàn yóò fa èémí kan sínú, yóò sì fi èémí kan náà ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí èémí yóò fi tán. Ibi tí ó bá ti dúró ni Ẹ-Dúró-Ná yóò kọ sínú ìwé. Láàárín ẹ̀ẹ́dógún sí ogún ni ìyà wà, nítorí pé òǹkà ibẹ̀ gùn, ó sì ń jẹ èémí. Ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wa, Bàbá Wẹ́dà, tí ó fi ogójì ọdún jó irin pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní fèrèsé, máa ń sọ pé ẹni tí ó dá ẹ̀tàdínlógún sílẹ̀ kò húkọ́ rí. Tí òǹkà ènìyàn bá ń wálẹ̀, àìsàn rẹ̀ ń gòkè. Àwọn mẹ́fà tí òǹkà wọn bá já jù lọ ni yóò lọ sídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kí a lè mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àyà wọn kí ó tó pẹ́ jù.

Dókítà àyà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ti kìlọ̀ fún wa pé kí ẹni tí ń pè dákẹ́ kí ó sì máa gbọ́. Ẹ-Dúró-Ná kò lè dákẹ́. Ó ní ẹ̀rù máa ń ba àwọn aláìsàn tí wọ́n bá ń kà á nìkan, pé ó ń dà bí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ sínú òkùnkùn láìsí ẹni tí ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nítorí náà ó ń kà á pẹ̀lú wọn, lóhùn kan, bí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ń ka ìwé pa pọ̀. Mo gbọ́. Inú àwọn aláìsàn dùn sí i, èémí rẹ̀ gùn ju ti gbogbo wọn lọ, kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọdún kan ààbọ̀ kọjá tí gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà díẹ̀díẹ̀, mo sì rí gbogbo rẹ̀ láìrí i.

Ẹ-Dúró-Ná gbé tábìlì rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó ní ariwo ẹ̀rọ àwọn atẹ̀wé ìsàlẹ̀ kò jẹ́ kí òun gbọ́ àwọn ènìyàn òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn. Tẹ́lẹ̀, aago méjìlá kì í lù kí ó tó pe gbogbo wọn tán. Ó wá di aago méjì, ó di aago mẹ́rin. Mo sọ fún àwọn opó yòókù pé ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe ń fara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń wọ súwẹ́tà nígbà tí àwa ń fi ìwé fẹ́ ara wa. Tí a bá jọ ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń dúró níbi tí ó ti yípo láti ka ìwé ìkéde kan tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, yóò kà á láti òkè délẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lára ògiri. Èmi yóò dúró dè é lókè. Ó tó oṣù méjì kí ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé òun fúnra rẹ̀ ni ó tẹ ìwé ìkéde náà, pé òun ni ó lẹ̀ ẹ́, àti pé ìlà márùn-ún péré ni ó wà nínú rẹ̀. Mo rò ó, mo sì gbé èrò náà jù sílẹ̀. Mo ní bóyá ó ń wá àṣìṣe ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ni dókítà àyà wá sí ọ́fíìsì wa fúnra rẹ̀. Kò wá síbẹ̀ rí. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó béèrè bóyá a lè ti ilẹ̀kùn, ó sì tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì mi. Ó ti fa ìlà kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan, láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ó lè rí bí òǹkà wọn ṣe ń lọ. Ní apá òsì ìwé náà, àwọn ìlà náà fọ́n káàkiri, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn mẹ́tàlélógún rí. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá sẹ́yìn, ìlà tí ó ga jù, ti Bàbá Wẹ́dà, bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Ó wálẹ̀ bá èkejì, àwọn méjèèjì jọ wálẹ̀ bá ẹ̀kẹta. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbá ara wọn jọ, tí wọ́n sì jọ ń lọ sísàlẹ̀, títí tí ìlà mẹ́tàdínlógún fi di okùn kan ṣoṣo ní ọwọ́ ọ̀tún ìwé náà. Lọ́jọ́ Ajé tí ó kọjá, àwọn mẹ́tàdínlógún náà dúró sórí ẹ̀rìnlá. Àwọn mẹ́fà tí kò tilẹ̀ lè ka ẹ̀rìnlá tẹ́lẹ̀ nìkan ni kò sí lára okùn náà.

Mo wo ìwé náà títí. 

Dókítà ní òun kò rí àìsàn tí ó ń ṣe báyìí rí, tí ó ń kọ́kọ́ mú ẹni tí ó lágbára jù. Òun ti wo àwòrán àyà gbogbo àwọn tí a ń kó wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti bí oṣù mẹ́ta. Nǹkan kan kò yí padà nínú àyà wọn. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ má bínú sí mi. Èémí ènìyàn mẹ́tàdínlógún kì í rìn bíi sójà. Ṣé ẹni tó ń kọ ìwé yìí kì í kọ ohun tó bá wù ú ni?"

Mo dìde. Mo sọ fún un pé ọmọ ìyá ọkọ mi ni ó ń kọ ìwé náà, pé a kò kọ́ irọ́ nílé wọn. Ó ní òun gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, òun kò sì lè gbé ìwé yìí síwájú wọn láìní àlàyé. Tí ìwé náà bá jẹ́ irọ́, wọn yóò gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun padà.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ lọ sílé Bàbá Wẹ́dà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá a nínú àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, irọ̀rí méjì lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òró. Ara rẹ̀ yá gágá. Ó ní wọ́n ti pe òun sídìí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù méjì, òun sì ti rò pé bóyá èmi ni mo fẹ́ fẹ́ òun. Mo ní kí ó bá mi ka ení dé ibi tí ó bá lè dé. Ó fa èémí sínú, ó tẹjú mọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọjá ẹ̀rìnlá bí ẹni tí ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé tí kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó kọjá ẹ̀tàdínlógún. Ó kọjá ogún. Ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n ni ó ti dúró.

Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi sọ ẹ̀rìnlá lọ́jọ́ Ajé.

 Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tí iná ti jó láwọn ibì kan. Ó ní, "Ibẹ̀ ni Ẹ-Dúró-Ná dúró sí."

"Kí ló kàn yín níbi tó dúró sí?"

"Mà, àwa tí èémí ń sá fún, a máa ń gbọ́ ti ẹlòmíì. Ó ń kà pẹ̀lú wa, ohùn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á dákẹ́. Ẹ fẹ́ kí n máa kà lọ kí n fi èémí yangàn sí i létí ni? Mo dákẹ́ pẹ̀lú ẹ̀. Nígbà tá a pàdé lórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ dókítà, mo rí i pé bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe nìyẹn. A wá jọ fẹnu kò sí i pé kí ẹnikẹ́ni má kà kọjá obìnrin náà."

 Mo ní kí ló dé tí ẹyọ ẹnì kan kò sọ fún mi.

Ó wò mí pẹ̀lú ìyanu tòótọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jọ ń jókòó sí ọ́fíìsì kan náà. A rò pé ẹ mọ̀."

Nígbà tí mo jáde níbẹ̀, ilé Ìyá Aránṣọ, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tàdínlógún náà, ni mo yà sí, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ń jẹ mí lọ́kàn. Tẹ́lẹ̀, ọ̀kàndínlógún ni ó máa ń kà. Nínú ìwé, ẹ̀rìnlá ni ó wà, bíi ti gbogbo wọn, nítorí náà kò sí nínú àwọn tí ó já jù, a kò sì pè é. Mo bá a lórí ibùsùn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń kó aṣọ lé. Ó ka ẹ̀rìnlá fún mi, kò lè fi ẹyọ kan lé e. Tirẹ̀ ni ó kà lóòótọ́. Èémí rẹ̀ ti já fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, òun nìkan nínú gbogbo àwọn mẹ́tàdínlógún, ó sì jókòó sínú ilé láàárín irọ́ àwọn tí ara wọn le, tí àwọn wọ̀nyí sì ń lọ yẹ àyà wò nípò rẹ̀. Ó bi mí bóyá òun ṣẹ ẹgbẹ́ ni tí a kò fi pe òun.

Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e. Mo mọ ohun tí mo máa bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn, mo sì ń bá ara mi sọ pé ó lè jẹ́ ọ̀fìnkìn. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí ó jáde lẹ́nu mi, èmi tí mo kọ lẹ́tà mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gun àtẹ̀gùn lọ́nà tí bàtà mi kò fi ní dún, mo sì dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnì kan. Mo gbọ́ tí ó ní, "Ó yá, ẹ fa èémí sínú, a jọ ń lọ ni." Mo fa èémí sínú pẹ̀lú wọn. Ení. Èjì. Ohùn rẹ̀ dùn, ó tutù, bí ó ti máa ń rí. Ní ẹ̀fà, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lábẹ́ ohùn náà bí atẹ́gùn tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ní ẹ̀sán, ó di ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní ọ̀kànlá, kò sí ohùn mọ́. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń jáde láti inú fóònù náà dákẹ́ lójú ẹsẹ̀.  Èémí tèmi ṣì kún àyà mi, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi ṣe.

Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Ó tẹ̀ síwájú lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Irọ̀rí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí àga náà, ọ̀kan ní ìbú, ọ̀kan ní òró. Ó rí mi. Ó ní, "Ẹ dúró ná," sí ẹni orí fóònù, ó sì dojú fóònù náà délẹ̀.

Ó ní, "Ìyàwó mi, o kì í kan ilẹ̀kùn mọ́?"

"Ọkọ mi, láti ìgbà wo?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣeré. Nígbà tí ó rí ojú mi, ó fi eré sílẹ̀. Ó sọ fún mi pé ó lé ní oṣù mẹ́ta, pé ẹ̀yìn ni ó kọ́kọ́ ń dun òun, kí ó tó di ikọ́, pé òun ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú aṣọ ìnujú lẹ́ẹ̀mejì. Mo béèrè ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó na ọwọ́ sí dúróà, ó mú ẹ̀dà ìwé àdéhùn jáde, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ó ka ìlà kẹsàn-án fún mi láti orí, pẹ̀lú ohùn tí ó fi ń so fóònù pọ̀ láyé ijọ́un, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ìbáà jẹ́ nípa ẹ̀jẹ̀, ìbáà jẹ́ nípa ìgbéyàwó. Ìsinmi mẹ́ta ni ó gbà á.

Ó wá ní, "Tí mo bá sọ fún ọ, o lè pa ìlà yìí rẹ́ nítorí mi, wọ́n á sì gba ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ gbogbo àwọn ènìyàn wa. O sì lè má pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ mọ èyí tó o máa ṣe nínú méjèèjì."

 Òótọ́ ibẹ̀ ni pé èmi náà kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní òun kò lè fi àwọn aláìsàn sílẹ̀ lákòókò tí gbogbo wọn ń kú lọ. Ó ṣí ìwé náà, ó fi ìka tọ àwọn òǹkà ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá láti òkè délẹ̀, ẹ̀rìnlá, ẹ̀rìnlá, ẹ̀rìnlá. Ó ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun ń kọ ọ́ tí òun ń sunkún, pé kò sí ẹni tí kò ní bá òun lọ nínú wọn.

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé kò mọ̀. Mo jókòó sórí àpótí fáìlì tí ó wà níwájú rẹ̀, mo sì sọ fún un. Mo sọ fún un pé Bàbá Wẹ́dà ka ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n fún mi, pé wọ́n ń dúró níbi tí òun bá dúró sí kí ojú má baà ti òun, pé ara wọn le; mi ò dárúkọ Ìyá Aránṣọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín di ikọ́, ikọ́ náà pẹ́ kí ó tó dáwọ́ dúró. Nígbà tí ó rí èémí mú, ó wo ìwé náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó pa á dé.

Ó ní, "Èmi nìkan ni, nígbà náà."

Lẹ́tà karùndínlọ́gọ́rin ni ó kúrú jù nínú gbogbo lẹ́tà tí mo kọ. Mo kọ ọ́ sí dókítà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì gbé e lọ fún un fúnra mi. Mo ní ìwé wa ti di irọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá sẹ́yìn. Kò sí ẹni tí ó pa irọ́ náà, ó sì jẹ́ ẹ̀bi mi, nítorí pé mo gbọ́ tí ẹni tí a ní kí ó dákẹ́ ń kà, mo sì gbà á láyè. Mo ní mo ti fa kálàmù gba orí ìlà kẹsàn-án kọjá nínú ẹ̀dà tiwa, mo mọ̀ pé mi ò ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀ láìsí ìgbìmọ̀, mo sì ti ṣe é. Orúkọ méjì ni mo fi sí òkè àwọn tí ń bọ̀ lọ́la: Ìyá Aránṣọ, lẹ́yìn náà àbúrò ọkọ mi.

Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Ó ní ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní ọjọ́ Ẹtì, òun kò sì mọ ibi tí wọn yóò já a sí. Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọdé. Ó ní, "Ṣùgbọ́n Ìṣẹ́gun ló máa kọ́kọ́ dé, mà."

Ìyá Aránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ó jáde, wọ́n ní kí ó má lọ sílé, wọ́n ń wá ibùsùn fún un ní wọ́ọ̀dù.

Ẹ-Dúró-Ná bọ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Mo rí bí apá rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní kí n má dúró bí ẹni tí ń ṣọ́ òkú, kí n lọ jókòó, ó sì wọlé. Láti ibi tí mo wà lẹ́yìn gíláàsì, mo ń gbọ́ ohùn dókítà nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ó ní kí ó fa èémí sínú, kí ó dì í mú. Èmi náà dì í mú. Ó ní kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tún ní kí ó fà á sínú.  Ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ń tàn sí dókítà lójú. Ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan rọra yí ojú ẹ̀rọ náà kúrò níbi tí mo ti lè rí i.

Ọjọ́ Ẹtì ni èsì yóò jáde, ọjọ́ kan náà tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Ohunkóhun tí àwọn méjèèjì bá sọ, gbèsè tèmi kò ní yí padà. Mo jẹ Ìyá Aránṣọ ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́ta. Mo jẹ àbúrò ọkọ mi ní mẹ́tàlá.